Sódà, Omi Bátìrì àti Ìwé Ìgbélùú Mi ní Kétu

Èmi ni mo fẹnu fẹ́ páìpù kan ní Kétu títí ọkùnrin kan tó jókòó sórí ṣáláńgá ní Àjàṣẹ́ fi fò sókè, tó lọ balẹ̀ sórí òrùlé mọ́sáláṣí, tí lèmọ́mù sì rò pé ó gun ibẹ̀ láti pe ìrun ni. Ẹ má bi mí bí páìpù Kétu ṣe gùn dé Àjàṣẹ́. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà. Kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ní bí ìlú kan ṣe jìn sí èkejì, n kò dé ibẹ̀.

Pulọ́mbà ni mí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí mi sí, Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́, Kétu tó wà lódìkejì ààlà, nílẹ̀ tí àwọn Faransé ti ṣèjọba, ni mo gbé iṣẹ́ náà lọ. Ẹni tó bá mọ Kétu láyé ìgbà náà ti ń rẹ́rìn-ín báyìí. Orí òkè pẹrẹsẹ ni ìlú náà wà, ilẹ̀ rẹ̀ pupa, omi rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún bí ẹni tó ṣẹ̀ tó sá pamọ́. Omi òjò tí wọ́n gbà sínú kòtò onísìmẹ́ńtì ni ọ̀pọ̀ ilé ń mu. Ilé tó ní ẹ̀rọ omi nínú kò ju ìka ọwọ́ kan lọ. Mo wá dà bí ẹni tó gbé àwọ̀n ìpẹja lọ sórí àpáta. Ẹnì kan ló sọ fún mi ní Ìbàdàn pé àwọn Faransé ti lọ, wọ́n sì fi gbogbo páìpù wọn sílẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Ohun tí kò sọ ni pé wọn ò fi omi sílẹ̀.

Àsìkò kámáráàdì ni mo débẹ̀, nígbà tí ìjọba tó pe ara rẹ̀ ní Ìyípadà ní gbogbo ènìyàn ti dọ́gba. Ọjọ́ kejì tí mo dé, mo lọ kí ọkùnrin kan ní ọ́fíìsì ìjọba. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

Ó fa ojú ro. "Dìde ńlẹ̀! Kò sí sà mọ́. Kámáráàdì ni gbogbo wa."

Mo dìde, mo gbọn eruku pupa kúrò láyà. Ó tún wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ta ló ní kí o dìde kí n tó dá ọ lóhùn?"

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn nílùú náà: ẹnu á máa pe kámáráàdì, àyà á wà nílẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù kọ́ nìyẹn. Ohun tó dùn mí ni pé èdè kan náà ni a jọ ń sọ, síbẹ̀ àlejò ni mí. Bí wọ́n bá fẹ́ kí n jẹun, wọn á ní bàbá kan náà ló bí wa, pé láti Ifẹ̀ ni olúkúlùkù ti gba ọ̀nà tirẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ kí n kúrò lórí ìjókòó, wọn á ní, "Ará Nàìjíríà, káàtì rẹ dà?" Ìwé ìgbélùú ni wọ́n ń pè ní káàtì. Ẹni tí kò bá ní i, wọ́n lè gbé e sínú ọkọ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ nígbàkigbà, kí wọ́n lọ dà á sí ẹnu ààlà bí àpò gbágùúdá. Mi ò ní. Mo wá ń bá ọmọ ìyá mi gbé, mo sì ń sá fún ọmọ ìyá mi.

Iṣẹ́ wo ni mo wá ń ṣe? Mo ń fi páànù ṣe ọ̀nà tí omi òjò ń gbà láti orí òrùlé bọ́ sínú kòtò. Mo ṣe é dé abúlé Okpomẹta, mo ṣe é dé Odomẹta. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ní Okpomẹta tí omi gba ọ̀nà tí mo là fún un láìyà síbì kankan, bàbá onílé náà dúró sínú òjò, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé, ó ní, "Omi yìí gbọ́ràn ju àwọn ìyàwó mi lọ." Mo sun oorun ọba lọ́jọ́ náà.

Ènìyàn méjì ló jẹ́ kí n lè gbé ìlú náà. Àkọ́kọ́ ni Ìyá Sìkírá, onílé mi, obìnrin Mùsùlùmí oníṣòwò tí bàbá rẹ̀ ti Àjàṣẹ́ wá. Ọṣẹ ló ń sè tà. Ìkejì ni Bàkàrí aránṣọ, aládùúgbò wa, tó tún jẹ́ sẹ̀kìrẹ́tẹ̀rì kọmité Ìyípadà ní àdúgbò nítorí pé òun nìkan ni ìkọ̀wé rẹ̀ ṣeé kà. A jọ ń ta ayò lójoojúmọ́. Ẹnu rẹ̀ kò dákẹ́ rí.

"Pulọ́mbìé aláìlómi," báyìí ló ń pè mí. "Ṣé wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi náà ní Ìbàdàn? Wà á wá síbí, a ní iyanrìn."

"Kámáráàdì abẹ́rẹ́," mo dá a lóhùn, "ṣòkòtò tí o rán fún mi ń fà mí nídìí."

"Ìdí rẹ ló jẹ́ ti olówó ilẹ̀ òkèèrè. Ìyípadà máa tó dín in kù."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti tẹlifóònù. Ọ̀kan ṣoṣo ló wà ní pósítì, ilé ìfìwéránṣẹ́. Mo kọ lẹ́tà ránṣẹ́ sílé pé ní ọjọ́ báyìí, kí Ìyá mi wá dúró sí ṣọ́ọ̀bù oníṣòwò kan tó ní tẹlifóònù ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀ títí ìrun àsárì. Wọ́n ní láti Kétu sí Nàìjíríà, ohùn ní láti kọ́kọ́ lọ sí Paríì, kó yà ní Lọ́ńdọ̀nù, kó tó wálé. Ìlú tí ènìyàn lè gun kẹ̀kẹ́ dé ẹnu ààlà rẹ̀!

"Ta ló ń pariwo báyìí?" Ìyá mi ni.

"Èmi ni, Ìyá."

"Kí ló dé tí ohùn rẹ jìn báyìí? Ṣé kì í ṣe Kétu tí àwọn bàbá wa ń fẹsẹ̀ rìn lọ lo wà?"

"Kétu ni, Ìyá. Ohùn mi ló gba Paríì."

"Kí ló lọ ṣe níbẹ̀?"

Ó bi mí bóyá mò ń jẹun. Mo ní mò ń jẹun. Ó bi mí ní ti iṣẹ́.

"Ìjọba ti fi mí ṣe olórí omi."

"Omi wo?"

"Gbogbo rẹ̀, Ìyá."

"Wọ́n ti fún ọ ní ìwé?"

"Ó ku díẹ̀."

"Ọmọ mi, gba ìwé. Ọmọ Ìyá Àdùkẹ́ tí wọ́n kó dé, bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀ wọlé. Má jẹ́ kí wọ́n kó ọ wálé bá mi bí ewúrẹ́..."

Ibẹ̀ ni ohùn rẹ̀ gé. Bóyá Paríì ló dá a dúró. Mo gbé tẹlifóònù létí fún ìgbà díẹ̀ sí i, mo ń gbọ́ bí ó ṣe ń hó. Ẹni tó wà nílé ẹlòmíì, ohun tó ń gbọ́ nínú orí ara rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti tẹlifóònù tó ti gé.

Ní ti ọṣẹ Ìyá Sìkírá: sódà funfun tó máa ń wá nínú àgbá irin ló ń pò mọ́ epo. Ọjọ́ tó bá fẹ́ pò ó, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ bá a sọ̀rọ̀. Kí i, kò ní jẹ́ ọ. Á bu omi sínú ìkòkò amọ̀, á dúró sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, á máa fi sódà sínú omi díẹ̀díẹ̀, á máa fi igi gígùn rò ó. Kò sí iná lábẹ́ ìkòkò, omi á sì máa gbóná hàì fúnra rẹ̀. Mo bi í léèrè lẹ́yìn tó parí. Ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè. Àpá kan wà níbẹ̀, ó ń dán bí awọ ejò.

"Omi ló ń ṣáájú, ọmọ mi, sódà ló ń tẹ̀lé e. Bí o bá da omi lé sódà lórí, á tutọ́ sí ọ lójú. Má fi kan ìkòkò alúmíníọ̀mù, á jẹ ẹ́ ní àjẹlu. Àti ásíìdì, omi bátìrì, gbogbo nǹkan kíkan, má jẹ́ kí wọ́n fojú kan ara wọn. Orogún ni wọ́n. Bí orogún méjì bá pàdé nínú ọ̀nà tóóró, ta ló máa là wọ́n?"

Mo gbọ́. Kí ẹni tó ń ka èyí mọ̀ pé mo gbọ́ ọ dáadáa.

Ìgbà tó yá, páìpù ìdọ̀tí dí nílé kámáráàdì délégé, ọ̀gá ìjọba tó ń fọwọ́ sí káàtì. Omi ilé ìwẹ̀ rẹ̀ kò lọ mọ́, ti ibi ìyàgbẹ́ náà ń gun òkè bọ̀. Bẹ́ẹ̀, àlejò pàtàkì kan ń bọ̀ láti Kùtọnu. Bàkàrí sáré wá bá mi nídìí páànù.

"Pulọ́mbìé, Ọlọ́run ti rántí rẹ! Ìgbẹ́ ti dí lọ́nà!"

Bí mo ṣe dé ilé náà, délégé kò jẹ́ kí n kí i tán. "O fẹ́ káàtì, àbí?"

"Mo fẹ́ ẹ, kámáráàdì délégé." Àyà mi wà nílẹ̀.

"Kí páìpù yìí là kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́, màá fọwọ́ sí i. Bí kò bá là, ọkọ̀ kan ń lọ sí ẹnu ààlà lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀."

Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Abẹ́ ilẹ̀ ni ibi tó dí wà, níbi ìgbọ̀nwọ́ páìpù. Mo ní wáyà ni a ó tì bọ̀ ọ́. Bí wáyà kò bá ran án, a ó walẹ̀, a ó tú u. Ọjọ́ méjì.

"Ọjọ́ méjì! Ọ̀la ni àlejò ń dé. Ṣé kí n ní kó dì í mú ni?"

Ó pe kọmité. Ènìyàn mẹ́jọ jókòó ní pálọ̀ rẹ̀ lórí ọ̀ràn páìpù, lábẹ́ ọ̀rọ̀ ńlá tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ sára ògiri pé AGBÁRA WÀ LỌ́WỌ́ ARÁ ÌLÚ. Tíṣà kan dìde, ó ní sódà ni kí a dà sí i. Ó ní sódà ni àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ fi ń se ọṣẹ, nítorí náà ti àwọn òṣìṣẹ́ ni. Awakọ̀ délégé náà dìde, ó ní omi bátìrì ló dára jù, nítorí inú ọkọ̀ ìjọba ló ti ń jáde, ohun tó bá sì jẹ́ ti ìjọba, ti gbogbo ìlú ni. Wọ́n jà á lọ, wọ́n jà á bọ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí. Ní ìkẹyìn wọ́n nawọ́ dìbò. Sódà ní ọwọ́ mẹ́rin, omi bátìrì ní ọwọ́ mẹ́rin.

Délégé ronú, ó sì dá ẹjọ́ náà. "Nínú Ìyípadà kò sí ìpínyà. Ẹ da méjèèjì."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bàkàrí kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa. Ẹnu tí mo fi fẹ́ páìpù dé Àjàṣẹ́ lẹ̀ pọ̀. Bí ìlú bá dìbò pé kí iná má jó ni, ṣé iná á gbọ́? Inú mi ni mo ti sọ ìyẹn.

Wọ́n ránṣẹ́ sí Ìyá Sìkírá fún sódà. Èmi àti Bàkàrí nìkan la wọ ilé ìwẹ̀ náà. Ó há, kò ní fèrèsé, àwọn yòókù sì ti dúró sí pálọ̀ nítorí òórùn. Mo da sódà sínú ihò. Omi tó wà níbẹ̀ hó díẹ̀, ó rú èéfín, ó dákẹ́. A dúró. Omi kò lọ. Mo fi igi tọ́ ọ, mo bá a tó dì sínú ìgbọ̀nwọ́ bí òkúta. A ti wá ní ìdí méjì tí páìpù fi dí.

Bàkàrí gbé bidọ́ọ̀nù, kẹ́ẹ̀gì omi bátìrì tí awakọ̀ gbé wá. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà, mo ń ké pé, "Rárá! Bàkàrí, rárá! Orogún ni wọ́n!" Ó ní, "Kọmité ti dìbò," ó sì dà á.

Ariwo tó jáde níbẹ̀, wọ́n gbọ́ ọ ní Odomẹta, àwọn obìnrin sì sáré ká aṣọ nílẹ̀ pé òjò ń bọ̀. Ohun tó wà nínú ihò fò dé àjà. Ó já sára ògiri, ó já sí ẹnu ilẹ̀kùn pálọ̀, ó jẹ ọ̀dà pupa náà títí ó fi ku AGBÁRA WÀ, kò sì sẹ́ni tó mọ ọwọ́ ẹni tó wà mọ́. Òórùn bí ẹyin tó ti kẹ̀ lé gbogbo kọmité sí títì, délégé ló ṣáájú. Àwọn méjì tó ń pe ara wọn ní akínkanjú ń jà nítorí ẹnu ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n Bàkàrí kò lè sá. Ó káwọ́ bojú, ó ń ké orúkọ ìyá rẹ̀ tó ti kú.

Mo wọ́ ọ jáde. Ìyá Sìkírá tó gbé sódà wá kò tíì kúrò lẹ́nu géètì. Ó kígbe pé, "Omi!" Aya délégé sáré gbé epo pupa wá, Ìyá Sìkírá gbá a dànù. "Mo ní omi! Kì í ṣe epo, kì í ṣe oyin! Ṣí ojú rẹ, Bàkàrí, ṣí i, kódà bó ń jó ọ!" Ó ń dà á sí i lójú láìdúró. Àgbá ilé délégé tán. Ó mú omi ilé kejì, ìyẹn náà tán. Àwọn obìnrin kan ń ti ọ̀nà omi bọ̀, wọ́n ru ìkòkò lórí, omi tí wọ́n ti tò fún láti ìdájí. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ wọ́n. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sọ̀ ọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n dà á sójú aránṣọ náà, títí ilẹ̀ pupa fi di ẹrẹ̀ tó mù wá dé kókósẹ̀. Ní Kétu! Ènìyàn tí kò bá gbé ibẹ̀ kò lè mọ ohun tí omi ìkòkò kan jẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù.

Ojú kan là. Èkejì funfun, kò padà mọ́.

Àlejò Kùtọnu? Kò yà. Ó gba ọ̀nà mìíràn lọ.

Mo wá ṣe ohun tí mo ti sọ láti ìbẹ̀rẹ̀: mo walẹ̀. Mo bá páìpù rọ́bà tó ti rọ tó sì ká mọ́ra rẹ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná, gbogbo oríkèé rẹ̀ ń jò sábẹ́ ilé. Mo gé e, mo ti wáyà bọ èyí tó kù, ohun tó dí i sì jáde: ìwé pẹlẹbẹ ni, ìdì kan, irú èyí tí wọ́n ń pín fún wa ní ìpàdé pé kí a máa fi kọ́ ọgbọ́n Ìyípadà. Àwòrán ọkùnrin onírùngbọ̀n ṣì wà lẹ́yìn ọ̀kan. Agbolé délégé ti ń fi nu ìdí láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Délégé dé sí mi lórí. "Kí nìyẹn?"

"Páálí ni, kámáráàdì délégé."

Ó wò ó títí. "Páálí ni," ó ní. "Jó o."

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, wọ́n pe ìpàdé láti mọ ọ̀tá Ìyípadà tó ba dúkìá ìjọba jẹ́. Ọkọ̀ ààlà ti dúró níta, ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń kù. Bàkàrí wá pẹ̀lú òwú lójú.

Délégé ní, "Ta ló da omi bátìrì?"

Gbogbo ojú yí sí mi. Ojú mẹ́rìndínlógún, kí n má purọ́. Àfi ti Bàkàrí tó jẹ́ ẹyọ kan.

Bàkàrí ló sọ̀rọ̀. "Èmi ni."

"Ìwọ kẹ̀? Sẹ̀kìrẹ́tẹ̀rì?"

"Kọmité dìbò, mo dà á. Ó wà nínú ìwé, èmi ni mo kọ ọ́. Ṣé kí n kọ ọ́ kún un pé kọmité ni ọ̀tá Ìyípadà?"

Tíṣà ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Délégé ní ìpàdé parí. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ló fọwọ́ sí káàtì mi, ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mejì, kò sì wò mí lójú.

Nígbà tí mo sọ fún Ìyá mi lórí tẹlifóònù, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run títí ìṣẹ́jú wa fi tán. Mo ti wá ní ìwé. Mo fẹ́ ọmọ abúlé Kpankou kan, mo bímọ, mo kọ́lé, wọ́n gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, páìpù wọ Kétu, mo lówó díẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè oògùn tí wọ́n ń dà sí páìpù tó dí, mo máa ń ní wáyà ni kó rà. Ẹni tó bá fẹ́ dà á tipátipá, màá ní kó ṣí fèrèsé, kó má pò ó mọ́ nǹkan mìíràn, kó gbé ojú rẹ̀ jìnnà. Wọ́n ní mo ti dàgbà jù, pé mò ń bẹ̀rù.

Bàkàrí ń ránṣọ títí ó fi dàgbà, ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo bi í léèrè ìdí tó fi sọ ohun tó sọ níwájú délégé. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ọpọ́n ayò.

"Bí wọ́n bá gbé ọ lọ, ṣé ojú mi á là? Ta ni mo wá fẹ́ máa fìyà jẹ nídìí ayò? Ta, jàre."

Ó ti kú. Bí àwọn ọmọ rẹ̀ bá péjọ, wọ́n máa ń sọ ọ́ bí àwàdà: bàbá wọn, aránṣọ tó fẹ́ ṣe pulọ́mbà, tó fọwọ́ ara rẹ̀ da omi bátìrì sójú ara rẹ̀. Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì bu ẹran fún mi, ọ̀rẹ́ bàbá wọn.

Irọ́ pọ̀ nínú ohun tí mo kọ yìí, ẹ sì ti mọ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ọ̀kan ni ẹ kò mọ̀. N kò dé ẹnu ọ̀nà. N kò ké pé rárá. Èmi ni mo gbé bidọ́ọ̀nù, nítorí káàtì. Èmi ni mo sì dà á. Bàkàrí kàn tẹríba sí ihò náà ni, ó ń tan tọ́ọ̀ṣì fún mi kí n lè ríran.